Dátà Kan Náà, Script Kan Náà, Èsì Yàtọ̀: Níbo Ni Ọ̀nà Ti Pín?

Ìbéèrè: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kàwé fún oyè másítà ní yunifásítì kan nílẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ RNA-seq (kíka RNA láti mọ bí jíìnì kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó) lórí jẹjẹrẹ ọmú ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan tó ti lọ sí Kánádà. Wọ́n fi dátà sílẹ̀ fún mi lórí hard disk, wọ́n sì fi script wọn, àwọn àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, sí i. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an, àmọ́ iye jíìnì tó jáde fún mi pé ó yàtọ̀ láàárín àwọn aláìsàn àti àwọn tí ara wọn dá fi bí ogójì ju tiwọn lọ, àwọn kan tó wà nínú tiwọn kò sì sí nínú tèmi. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní èmi ni mo ṣe nǹkan lódì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní tí mo bá ti lo Docker, tó ń kó sọ́fítíwíà sínú àpò kan, wàhálà tán. Ta ló jẹ̀bi, kí ni kí n sì ṣe?”

Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kúrò nínú rẹ̀. Bí èsì méjì kò bá bára mu, ìyẹn kò tíì sọ ẹni tó ṣe àṣìṣe fún wa. Ohun tó sọ ni pé nǹkan kan wà tí iṣẹ́ náà gbára lé tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yẹn ló ṣì í, ó lè jẹ́ ìwọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin méjèèjì ló tọ̀nà pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ oníkálukú yín. Ohun tó kù fún ọ báyìí ni láti wá ibi tí ọ̀nà ti pín. Ó ṣeé wá, kò sì gba ju sùúrù àti ètò lọ.

Ìbéèrè mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú lẹ́tà rẹ. Bí ẹlòmíì bá mú dátà yìí gan-an àti ìlànà yìí gan-an, ṣé èsì kan náà ló máa rí? Bí wọ́n bá gba sáńpù tuntun lára àwọn aláìsàn mìíràn, ṣé ohun kan náà ló máa hàn? Ṣé òótọ́ tiẹ̀ ni ohun tí èsì náà ń sọ nípa àrùn yìí? Ti àkọ́kọ́ nìkan ni ìwọ ń bá jà. Òun ló rọrùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni kì í yege níbẹ̀. Ní 2009, àwọn olùwádìí kan tí John Ioannidis wà lára wọn mú àpilẹ̀kọ 18 lórí microarray (ọ̀nà àtijọ́ láti wọn iṣẹ́ jíìnì) tí ìwé ìròyìn Nature Genetics ti tẹ̀ jáde, wọ́n sì gbìyànjú láti tún ìṣirò inú wọn ṣe. Méjì péré ló ṣeé tún ṣe dáadáa. Mẹ́fà ṣeé ṣe dé ààyè kan, mẹ́wàá kò ṣeé ṣe rárá. Ohun tó fà á jù ni pé dátà kò sí nílẹ̀, tàbí pé àlàyé bí wọ́n ṣe ṣe é kò kún tó. Nítorí náà, má ṣe rò pé ìwọ nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí.

Ibi tí mo ti fẹ́ bá ọ jiyàn ni ibi tó o ti ní o ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe é gan-an. Script tó wà lọ́wọ́ rẹ ń pe àwọn sọ́fítíwíà mìíràn lórúkọ, kì í sì í sábà sọ ẹ̀dà tó fẹ́. Ó ń ka jẹ́nóòmù ìtọ́kasí (odidi DNA ènìyàn tí wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra) láti inú fódà kan, kò sì sọ ibi tí wọ́n ti gbé e wá. Ó ń lo nọ́ńbà tí sọ́fítíwíà ti yàn fúnra rẹ̀ níbi tí ẹni tó kọ ọ́ kò ti pàṣẹ kankan. Gbogbo ìyẹn wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n rẹ. Lórí tìrẹ, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ nǹkan mìíràn.

Jẹ́nóòmù ìtọ́kasí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Èyí tí wọ́n ń pè ní GRCh37 jáde ní 2009, GRCh38 tẹ̀lé e ní 2013. Mo ti rí sáfà tí méjèèjì wà lórí rẹ̀ nínú fódà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí orúkọ fáìlì méjèèjì sì jẹ́ genome.fa. Wo ibi tí sickle cell ti ń wá, lẹ́tà kan ṣoṣo nínú jíìnì HBB lórí krómósóòmù 11. Nínú GRCh37, ipò 5,248,232 ló wà. Nínú GRCh38, 5,227,002 ni. Lẹ́tà náà kò kúrò níbi tó wà lára ènìyàn. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ìjọba ìbílẹ̀ tún nọ́ńbà ojúlé kọ ní àdúgbò: ilé kò sún, àmọ́ ẹni tó mú àdírẹ́sì àtijọ́ dání á lọ kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Lẹ́yìn jẹ́nóòmù fúnra rẹ̀ ni fáìlì tó sọ ibi tí jíìnì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, irú èyí tí GENCODE àti Ensembl ń gbé jáde, tí wọ́n sábà ń pè ní GTF. Wọ́n ń tún un ṣe lóòrèkóòrè: wọ́n á fi jíìnì kún un, wọ́n á yọ òmíràn, wọ́n á pa méjì pọ̀ di ọ̀kan. Bí tiwọn kò bá sí lórí hard disk yẹn, tí ìwọ sì lọ gbé tuntun sílẹ̀ láti íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn jíìnì tó o ní ó sọnù lè jẹ́ èyí tí orúkọ wọn kàn yí padà. Àwọn fáìlì kan ń pe krómósóòmù ní chr11, àwọn mìíràn ń pè é ní 11 lásán. Irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní BED ń ka ipò láti 0, àwọn fáìlì VCF àti GTF ń kà á láti 1. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni kọ̀ǹpútà máa pariwo. Èsì á jáde, á sì jọ èsì gidi.

Ẹ̀dà sọ́fítíwíà ni ibi tí mo fura sí jù nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ. Bó bá jẹ́ DESeq2, sọ́fítíwíà inú R (èdè ìṣirò kọ̀ǹpútà) tó ń wá jíìnì tó yàtọ̀ láàárín ẹgbẹ́ méjì, ni wọ́n lò, ó yẹ kí o mọ̀ pé wọ́n yí ohun pàtàkì kan padà nínú ẹ̀dà 1.16 tó jáde ní 2017. Ṣáájú ìgbà yẹn, ó máa ń fa log2 fold change (nọ́ńbà tó ń sọ bí jíìnì ṣe lọ sókè tàbí sílẹ̀ tó) sún mọ́ òdo fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, kì í ṣe é mọ́ àfi tó o bá pe àṣẹ lfcShrink. Bí script bá wá ní jíìnì tí nọ́ńbà yìí ju 1 lọ nìkan ni kó mú, ẹ̀dà tuntun á mú jíìnì tó pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Bí sáfà tí ẹ̀gbọ́n lò bá ní R tó ti pẹ́ lórí, ogójì tó lé lọ́dọ̀ rẹ bá èyí mu dáadáa. Mi ò tíì rí fáìlì rẹ, nítorí náà mi ò lè búra. Nǹkan mìíràn tún wà nínú DESeq2 kan náà. Àṣẹ results() ń lo alpha (ààlà àṣìṣe tí a gbà láàyè) 0.1 bí o kò bá sọ òmíràn fún un. Ẹni tó wá fi 0.05 ṣẹ́ jíìnì lẹ́yìn náà lè má rí iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ti kọ 0.05 sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọn kò bá sì sọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún un, èyí tó ṣáájú nínú ètò ábídí ló máa mú. “Case” ṣáájú “control”, jíìnì tó lọ sókè á wá dà bí èyí tó lọ sílẹ̀. R fúnra rẹ̀ náà ń yí: ní 2019, R 3.6.0 yí bí sample() ṣe ń ṣa nǹkan padà, débi pé seed (nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ṣíṣà) kan náà kì í ṣa ohun kan náà mọ́. Ní 2020, R 4.0.0 ṣíwọ́ sísọ ọ̀rọ̀ inú tábìlì di factor (orúkọ ẹgbẹ́) fúnra rẹ̀.

Ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe láàárín script kan sí ìkejì tún wà níbẹ̀, òun ló sì ń ṣòro jù láti tọpa. Wọ́n á ṣí tábìlì nínú Excel, wọ́n á yọ sáńpù kan tí kò dára lójú wọn, wọ́n á fi pamọ́, wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Kò sí script kankan tó máa sọ ọ́. Excel tún ní ìwà tirẹ̀: ó máa ń sọ jíìnì MARCH1 àti SEPT2 di ọjọ́ inú oṣù. Ìwádìí kan ní 2016 fi hàn pé nínú àwọn àpilẹ̀kọ jẹ́nóòmù tó fi tábìlì Excel tó ní orúkọ jíìnì kún iṣẹ́ wọn, bí ìdá kan nínú márùn-ún ló ní irú àṣìṣe yìí. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún jíìnì lórúkọ kéde pé àwọn ti pa orúkọ wọn dà, MARCH1 di MARCHF1, SEPT2 di SEPTIN2. Bí o bá rí ọjọ́ níbi tó yẹ kí orúkọ jíìnì wà nínú tábìlì ẹ̀gbọ́n rẹ, o ti mọ ibi tí wọ́n gbà kọjá.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ náà lè dá kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà tó nǹkan. Ẹni tó ń fi sọ́fítíwíà bwa mem to DNA sí ipò rẹ̀ lórí jẹ́nóòmù lè rí ìyàtọ̀ díẹ̀ nítorí pé ó lo thread 4 (ó pín iṣẹ́ sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà) tí ẹnìkejì lo 16, àfi tí wọ́n bá fi -K so iye tó ń kà lẹ́ẹ̀kan mọ́lẹ̀. Àwọn tó ṣe Nextflow, sọ́fítíwíà tó ń darí ìpele iṣẹ́ láti ọ̀kan sí ìkejì, náà fi hàn nínú àpilẹ̀kọ wọn ní 2017 pé ìṣirò RNA-seq kan náà lórí Mac àti lórí Linux kò mú iye jíìnì kan náà jáde.

Má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mo ń sọ di ńlá. Ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, Anil Potti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ pé àwọn lè fi jíìnì mọ oògùn tó máa ran jẹjẹrẹ ẹnìkan. Keith Baggerly àti Kevin Coombes ní MD Anderson, ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní Texas, tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì rí i pé orúkọ àwọn jíìnì ti fi ìlà kan yẹ̀ nínú tábìlì, àti pé níbì kan wọ́n ti fi àmì “oògùn ràn án” sí ibi tó yẹ kó jẹ́ “kò ràn án”. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2009. Àwọn aláìsàn ti wà nínú ìdánwò oògùn tó dúró lórí iṣẹ́ yẹn, ó sì di 2010 kí wọ́n tó fòpin sí i pátápátá. Ní 2015, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwà òdodo nínú ìwádìí dá Potti lẹ́bi pé ó yí dátà.

Àpẹẹrẹ kejì kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, kò sì sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ yí dátà nínú rẹ̀. Ní October 2015, àwọn olùwádìí tí Yunifásítì Cambridge ṣáájú wọn gbé jẹ́nóòmù ọkùnrin kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science, ẹni tó ti kú ní nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n rí egungun rẹ̀ nínú ihò Mota ní Etiópíà. Iṣẹ́ ńlá ni, torí pé ooru kì í jẹ́ kí DNA pẹ́ nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n wá fi wé àwọn ènìyàn òde òní, wọ́n sì kéde pé ìran Yúróòpù àti Éṣíà ti wọ inú gbogbo Áfíríkà, pé ìdá 6 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún jẹ́nóòmù Yorùbá àti Mbuti (ẹ̀yà kan ní Kóńgò) ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Nígbà tí Pontus Skoglund àti David Reich ní Harvard yẹ dátà kan náà wò, wọn kò rí nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti pín rèé: sọ́fítíwíà méjì ni wọ́n lò, samtools àti PLINK, fáìlì tí èkíní ń kọ kò sì bá bí èkejì ṣe ń kà á mu. Script kékeré kan ló yẹ kó wà láàárín wọn, wọn kò sì lò ó. Nítorí náà, gbogbo ibi tí jẹ́nóòmù Mota ti bá jẹ́nóòmù ìtọ́kasí mu ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ti bàbá àti ti ìyá, ló já bọ́ nínú ìṣirò. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn kéde àtúnṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ 2016. Ohun tí wọ́n sọ nípa Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dúró, èyí tí wọ́n sọ nípa àwa kò dúró.

Dátà Yorùbá tó wà nínú irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ọ. Láti ìgbà iṣẹ́ HapMap, tó wá ìyàtọ̀ inú DNA àwọn ènìyàn, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ni àwọn ará Ìbàdàn ti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. YRI (Yorùbá ní Ìbàdàn) ni orúkọ tí gbogbo ayé ń pè wọ́n nínú àpilẹ̀kọ, 108 nínú wọn sì wà nínú ìpín kẹta iṣẹ́ 1000 Genomes, tó ka jẹ́nóòmù àwọn ènìyàn káàkiri ayé. Inú mi máa ń dùn sí bí àtúnṣe Mota ṣe wáyé, torí pé dátà tó wà ní gbangba ló jẹ́ kí ẹlòmíì rí àṣìṣe náà láàárín oṣù díẹ̀. Ká ní wọ́n tì í mọ́ inú àpótí ni, a lè ṣì máa ka ìdá 6 sí 7 yẹn nínú ìwé títí di òní.

Docker wá ńkọ́? Ohun rere ni, ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́, àmọ́ ó sọ ọ́ ju bó ṣe jẹ́ lọ. Ó ń kó sọ́fítíwíà àti ẹ̀dà rẹ̀ sínú àpò kan tí o lè gbé lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Kò mọ̀ bóyá GRCh37 lo fún un tàbí GRCh38, kò mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe nínú Excel, kò sì lè sọ ẹ̀dà tí wọ́n lò bí wọn kò bá kọ ọ́. Bí o bá fi ẹ̀dà tí kò tọ́ sínú rẹ̀, yóò máa mú èsì tí kò tọ́ yẹn jáde láìyẹsẹ̀. Ẹni tó bá sì kọ “latest” níbi tó yẹ kó kọ nọ́ńbà ẹ̀dà kò tíì so nǹkan kan mọ́lẹ̀. Lórí sáfà yunifásítì, wọn kì í sábà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àṣẹ tí Docker ń béèrè. Apptainer, tí orúkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́ Singularity, ló bá irú ibẹ̀ mu. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú conda àti Bioconda, tí wọ́n ń bá ọ gbé ẹ̀dà sọ́fítíwíà tó o bá yàn wá, kí o kọ ẹ̀dà gbogbo ohun tó o lò sínú fáìlì kan, kí o sì fi Apptainer sílẹ̀ di ìgbà tí iṣẹ́ bá ti dúró. Dátà orí fóònù wọ́n, àwọn àpò wọ̀nyẹn sì tóbi.

Bí iṣẹ́ rẹ kò bá ju ìpele mẹ́rin márùn-ún lọ, script kan ṣoṣo tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ti tó. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kọ́ Snakemake tàbí Nextflow, tí wọ́n ń darí ìpele iṣẹ́. Ó máa gbà ọ́ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àmọ́ èrè kan wà níbẹ̀ tí àwọn ará òkè òkun kì í rántí sọ: bí iná bá lọ ní òru, tí inverter sì kú, Nextflow pẹ̀lú -resume á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé, kò ní padà sí ìpìlẹ̀. Àwọn H3ABioNet, tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ìwádìí jẹ́nóòmù káàkiri Áfíríkà, lo Nextflow àti CWL (èdè mìíràn fún kíkọ ìpele iṣẹ́) pẹ̀lú irú àpò bí Docker torí pé kọ̀ǹpútà ibi kan kò jọ ti ibòmíràn.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, bẹ̀rẹ̀ láti orí dátà. Ṣe md5sum (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó ń yí bí fáìlì bá yí) fún fáìlì FASTQ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn dátà tó ti inú ẹ̀rọ wá, kó o sì bi ẹ̀gbọ́n bóyá wọ́n ní tiwọn. Fáìlì tó gé lójijì nígbà tí wọ́n ń dà á sórí hard disk kì í ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn náà, wá àwọn fáìlì àárín, torí pé wọ́n ń rántí ohun tí ènìyàn ti gbàgbé. Bí BAM wọn (fáìlì RNA tí wọ́n ti to sórí jẹ́nóòmù) bá wà níbẹ̀, lo samtools view -H: àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú @PG á sọ sọ́fítíwíà, ẹ̀dà àti àṣẹ tí wọ́n tẹ̀. Bó bá jẹ́ sọ́fítíwíà featureCounts ni wọ́n fi ka iye RNA jíìnì kọ̀ọ̀kan, ìlà àkọ́kọ́ nínú fáìlì rẹ̀ á sọ tirẹ̀, orúkọ fáìlì GTF sì wà nínú àṣẹ yẹn. Wá .Rhistory náà, fáìlì tó ń tọ́jú àṣẹ tí wọ́n tẹ̀ sínú R. Kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n ní Kánádà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, má bi wọ́n pé “kí lẹ ṣe?”, béèrè ohun kan pàtó: tábìlì iye tí wọ́n fi sínú DESeq2, àti ohun tí àṣẹ sessionInfo() sọ nípa ẹ̀dà R àti sọ́fítíwíà wọn bí wọ́n bá ṣì ní i. Tábìlì yẹn ló máa pín ọ̀nà sí méjì fún ọ. Bí tiwọn àti tìrẹ bá dọ́gba, inú R ni ìṣòro wà, kò sí ìdí láti tún nǹkan kan tò. Bí wọn kò bá dọ́gba, jẹ́nóòmù, GTF tàbí sọ́fítíwíà tó to RNA ni kó o dojú kọ.

Kí o tó ka iye, wo irú jíìnì tó yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé èyí tó pọ̀ nínú ogójì náà ní padj (nọ́ńbà tí a fi ń pinnu bóyá jíìnì wọlé, tí ààlà rẹ̀ sábà jẹ́ 0.05) tó wà ní 0.04 tàbí 0.06, etí ààlà ni wọ́n wà, ohun kékeré ló lè tì wọ́n síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ tó wà nínú iṣẹ́ náà kò sì yí. Bó bá jẹ́ jíìnì tí ẹ̀gbọ́n kọ orí odidi lé lórí ló pòórá, ìyẹn ni kó o gbé lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n kíákíá. Má lọ bá wọn jiyàn o. Mú tábìlì ojú ewé kan lọ: ìpele, ohun tí wọ́n lò, ohun tí ìwọ lò, ohun tó yàtọ̀. Ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti bínú sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí o má rí i tán. Bí BAM bá ti lọ, tí ẹ̀gbọ́n kò sì ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́, kò sí bí o ṣe lè mọ ohun tí wọn kò kọ. Nígbà náà, kọ èsì tìrẹ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dà àti fáìlì rẹ̀, kó o sì sọ nínú iṣẹ́ rẹ pé èsì ìṣáájú kò ṣeé tún ṣe délẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Aláyẹ̀wò gidi kò ní kà á sí ọ lọ́rùn. Mọ̀ náà pé bí èsì bá tilẹ̀ jáde bákan náà ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ìyẹn kò sọ pé ó tọ̀nà. Bí wọ́n bá ka RNA gbogbo sáńpù aláìsàn ní ọjọ́ kan, tí wọ́n ka ti àwọn tí ara wọn dá ní ọjọ́ mìíràn, Docker kò lè yọ ìyàtọ̀ tí ọjọ́ dá sílẹ̀.

Níkẹyìn, má gbé FASTQ àwọn aláìsàn yẹn sí GitHub, níbi tí wọ́n ti ń pín script, tàbí ibikíbi tó ṣí sílẹ̀. DNA ń tọ́ka sí ènìyàn àti sí ẹbí rẹ̀, òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 sì kàn án, yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n fi sáńpù sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń béèrè àṣẹ kí wọ́n tó ṣí i, bí EGA (ibi ìpamọ́ dátà jẹ́nóòmù ní Yúróòpù), ló yẹ irú rẹ̀. Script, fáìlì conda àti md5sum ni kó o gbé síta, lórí GitHub àti Zenodo (ibi ìpamọ́ iṣẹ́ ìwádìí), pẹ̀lú dátà YRI kékeré kan tó wà ní gbangba tí ẹlòmíì lè fi dán ọ̀nà rẹ wò. Kí o tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, fún ọmọ kíláàsì rẹ kan tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kó o jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tó bá ti yíjú sí ọ láti béèrè nǹkan, kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú README, fáìlì àlàyé tó ń bá script rìn.